Kí Lorúkọ Ẹrù Yìí?

Ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1996, wọ́n kó páálí márùn-ún sínú ikùn ọkọ̀ òfúrufú kan ní Miami, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìwé tó bá àwọn páálí náà rìn sọ pé agolo ọ́síjìn ló wà nínú wọn, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un: òfìfo. Ẹni tó ń kó ẹrù kà á, ó sì gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Àwọn agolo náà kì í ṣe òfìfo. Irú wọn ló ń pèsè afẹ́fẹ́ tí èrò ń mí sí nígbà tí ìbòmú bá já bọ́ láti òkè orí wọn lójú òfúrufú. Wọn kì í rọ afẹ́fẹ́ sínú agolo yìí. Kẹ́míkà ló wà níbẹ̀, èyí tó máa ń tú ọ́síjìn jáde bí irin kékeré kan bá ti gbá a. Bó ṣe ń tú u jáde ni ara agolo ń gbóná, tí ooru rẹ̀ sì ń kọjá ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àkókò lílò wọn ti kọjá, wọ́n ti tú wọn kúrò lára ọkọ̀ mìíràn, kò sì sẹ́ni tó fi ìdérí ààbò dé ibi tí irin náà ti ń gbá wọn. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n kó wọn sí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ọkọ̀ ValuJet 592 gbéra, ó já sínú àbàtà Everglades. Gbogbo èèyàn 110 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé nìyẹn: bí a ṣe ń sọ ẹrù eléwu lórúkọ kó tó kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àgbá tó nípọn, awakọ̀ tó já fáfá àti panápaná tó yára ni ààbò. Wọ́n wúlò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú wọn tó lè ṣiṣẹ́, ẹnì kan ti ní láti yẹ ẹrù náà wò, kó sì sọ òótọ́ nípa ohun tó lè ṣe. Yorùbá máa ń wo ilé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Ní ti ẹrù eléwu, ìwà ni wọ́n ń wò.

Ìwà ni, nítorí pé ojú kò lè dá a mọ̀. Omi mímu, ásíìdì àti spírítì lè mọ́ gaara bákan náà nínú ìgò mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi gbé ìwé ìlànà kan jáde ní 1956, èyí tí wọ́n ń tún ṣe ní ọdún méjì-méjì. Àwọ̀ ọsàn ni èèpo rẹ̀, Ìwé Ọsàn sì ni àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ń pè é. Inú rẹ̀ ni òfin ọkọ̀ ojú omi, ti òfúrufú, ti ojú irin àti ti títì ti ń mu omi. Ó pín ẹrù eléwu sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án: èyí tó ń bú gbàmù, gáàsì, epo àti omi tó ń gbiná, ohun líle tó ń gbiná, èyí tó ń fún iná ní ọ́síjìn, májèlé àti ohun tó ń kó àrùn ranni, èyí tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, èyí tó ń jẹ ara àti irin, àti àwọn yòókù tí kò bá ìkankan nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́ mu. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìsọ̀rí kìíní ló burú jù, tí ìkẹsàn-án sì rọ̀ jù. Nọ́mbà náà kò díwọ̀n ewu. Irú ewu tó jẹ́ nìkan ló ń sọ.

Àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù ní igun mẹ́rin, ó sì ń dúró lórí igun rẹ̀ kan. Pupa fún iná, búlúù fún ohun tí omi ń bí nínú, yẹ́lò fún ohun tó ń fún iná lóúnjẹ, agbárí àti eegun méjì fún májèlé. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà pàápàá lè kọ́ wọn ní ọ̀sán kan.

Ẹ wá wo kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù, nítorí pé ilé wa ni ọ̀rọ̀ wọn ti ń ṣẹlẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn méjèèjì wà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí epo ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ móoru tó kí oru tó ń jáde lára rẹ̀ tó lè gbiná. Kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ móoru dé nǹkan bí ìwọ̀n 38. Bẹntiróòlù kò dúró de ooru kankan: ní nǹkan bí ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti di yìnyín gbagidi, oru rẹ̀ ti tó ohun tí ìṣáná lè mú. Èyí ló jẹ́ kí ìyá àgbà lè bu kẹrosíìnì sínú àtùpà, kó ṣáná sí òwú rẹ̀, kó sì jókòó tì í títí di òru. Òwú náà ń fa epo sókè díẹ̀díẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò sì bá iná ṣe.

Bí ẹnì kan bá wá da bẹntiróòlù lu kẹrosíìnì ńkọ́? Ó lè jẹ́ nítorí èrè. Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ̀ tó gbé bẹntiróòlù lánàá ni wọ́n fi gbé kẹrosíìnì lónìí, tí wọn kò fọ táńkì rẹ̀. Orúkọ tó wà lẹ́nu ọlọ́jà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìwà ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ti yí. Ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ló ti ṣọ̀fọ̀ nítorí àtùpà àti sítóòfù tó bú gbàmù lọ́nà yìí, àwọn ìyá àti ọmọdé tó wà nídìí ààrò ló sì máa ń kọ́kọ́ kàn. Wọ́n sanwó fún ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n gbé ohun tí wọn kò mọ̀ wálé. Ó le láti rí ìwà ìkà tó ju èyí lọ nínú òwò.

Ìwà mìíràn tún wà lára bẹntiróòlù tí ojú kò rí. Oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń gbà, yóò máa wọ́ lọ títí yóò fi kan iná lọ́ọ̀ọ́kán, iná náà yóò sì gba ọ̀nà kan náà padà wá sórí epo. Ní alẹ́ ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, àwọn èèyàn sì jáde láti gbọ́n epo tó ń ṣàn. Ó lé ní 150 èèyàn tó kú. Àwọn tó ń bú wọn pé ojúkòkòrò ló pa wọ́n yẹ kí wọ́n bi ara wọn léèrè iye ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti jókòó ti ará abúlé kan, tó ṣàlàyé fún un pé iná lè wà níbi tí ojú kò ti rí i. (Gáàsì ìdáná náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí òórùn rẹ̀ bá gba ilé ìdáná, ilẹ̀kùn tó kan ilẹ̀ wúlò ju fèrèsé òkè lọ, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò tẹ súìṣì iná.)

Kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń lò dà bí òkúta eérú lásán. Bí omi bá kàn án, ó ń tú gáàsì tí wọ́n fi ń jó irin jáde. Ẹni tó bá da omi sí iná tó wà nídìí rẹ̀ ń da iná sí iná. Àmì búlúù rẹ̀ ń sọ ìyẹn. Kábáìdì yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n tipátipá, ohun tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti ń kìlọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìsọ̀rí karùn-ún ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Ohun tó wà níbẹ̀ lè má jó fúnra rẹ̀ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fún iná ẹlòmíràn ní ọ́síjìn. Ammonium nitrate, tí àgbẹ̀ mọ̀ sí ajílẹ̀, wà lára wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, ọdún 1947, wọ́n rí èéfín nínú àjà ọkọ̀ ojú omi Grandcamp ní èbúté Texas City lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù ajílẹ̀ yìí tó wà nínú rẹ̀, nínú àpò oníwèé. Ọ̀gá ọkọ̀ náà kò fẹ́ kí omi ba ẹrù jẹ́, ó sì ní kí wọ́n ti àjà pa, kí wọ́n tú oru omi gbígbóná sínú rẹ̀ láti fi pa iná náà.

Bó bá jẹ́ òwú ló wà nínú àjà yẹn, ọgbọ́n náà ì bá bọ́ sí i: ti afẹ́fẹ́ mọ́ iná lẹ́nu, yóò kú. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ yìí kò tọrọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, inú ara rẹ̀ ni ọ́síjìn rẹ̀ wà, ooru tí wọ́n sì tú sí i ń mú kó súnmọ́ ibi tó ń lọ ni. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ló bú gbàmù. Ó kéré tán, èèyàn 581 ló kú. Nínú àwọn panápaná 28 tí ìlú náà ní, 27 ló bá a lọ. Àwọn èèyàn wọ̀nyí sáré lọ síbi iṣẹ́ wọn tìgboyàtìgboyà, orúkọ tí wọ́n gbọ́ kò sì kìlọ̀ fún wọn.

Òótọ́ ni pé orúkọ nìkan kò tó. Ní Beirut, olú ìlú Lẹ́bánónì, àwọn aláṣẹ èbúté mọ ohun tó wà nínú Ilé Ìkẹ́rùsí 12. Àwọn aṣọ́bodè kọ lẹ́tà léraléra pé kí wọ́n kó 2,750 tọ́ọ̀nù ammonium nitrate kúrò láàárín ìlú. Ọdún kọjá lórí ọdún, ẹrù náà kò kúrò. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, ó bú gbàmù, ó sì pa èèyàn tó lé ní 200. Wọ́n ti sọ ẹrù náà lórúkọ tán. Ohun tí orúkọ náà ń pàṣẹ ni wọn kò ṣe.

Ìsọ̀rí kìíní, ti ohun abúgbàmù, náà ní àṣẹ tirẹ̀, kò sì nira láti lóye: kó jìnnà sí èèyàn, kí èyí tó ń tanná bọ ẹrù má sì sùn pọ̀ pẹ̀lú ẹrù fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń fọ́ òkúta mọ èyí dáadáa. Wọn kì í jẹ́ kí ohun abúgbàmù àti ohun tí wọ́n fi ń ṣáná sí i jọ wà nínú yàrá kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2024, ilẹ̀ mì ní Bódìjà, ní Ìbàdàn. Ilé wó, òrùlé ṣí, fèrèsé fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà, èèyàn sì kú. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ilé gbígbé ni, láàárín ìdílé àti ọmọ wọn. Kò sí àmì kankan lára ògiri rẹ̀ tí aládùúgbò lè rí.

Ti Ìbàdàn mú wa rántí ti Èkó. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002, ohun ìjà tó wà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, ó sì ń bú gbàmù léraléra. Ó lé ní 1,000 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kú ikú iná. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń sá, wọn kò mọ ohun tó ń dún, wọn kò mọ bó ṣe jìnnà tó, omi kànáà Òkè-Àfà ló gbé wọn mì.

Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé wọ́n mọ orúkọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. Láàárín 1987 sí 1988, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá dé láti Ítálì sí Kòkó, èbúté kékeré kan ní ilẹ̀ Ìṣẹ́kírì, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà. Ìwé ẹrù pè é ní kẹ́míkà iṣẹ́ ìkọ́lé. Àgbàlá baba kan ni wọ́n tò wọ́n sí, 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n sì ń san fún un. Ìdọ̀tí olóró ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, irú èyí tí ó wọ́n gógó láti sọ nù lọ́dọ̀ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló kọ̀wé sí àwọn oníwèé ìròyìn, tí àṣírí fi tú. Ìjọba ṣe òfin kejìlélógójì ọdún 1988, tó fi ẹ̀wọ̀n gbére lé ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ilẹ̀ Áfíríkà sì fọwọ́ sí àdéhùn Bamako ní 1991 láti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìyìn ló tọ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Àwọn ló sọ ẹrù Kòkó ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

Nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí, ìpele mẹ́ta tún wà: ìpele kìíní fún èyí tó le jù, ìkejì fún èyí tó le níwọ̀nba, ìkẹta fún èyí tó rọ̀ jù. Ìpele yìí ló ń sọ irú àgbá tí wọn yóò rọ ẹrù sí. Ní òru ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2013, ọkọ̀ ojú irin tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀ yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ ìlú Lac-Mégantic ní Kánádà, pẹ̀lú táńkì epo rọ̀bì 72 lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣubú láàárín ìlú, iná sọ, èèyàn 47 kú. Ìjánu ni ohun tó kọ́kọ́ kùnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí wọn epo náà, wọ́n rí i pé ìpele kejì ló yẹ kó wà, ìpele kẹta ni ìwé rẹ̀ sì sọ. Epo tó ń yára gbiná bíi bẹntiróòlù ni wọ́n ń fà káàkiri bí ẹni pé kò ní wàhálà púpọ̀ nínú.

Lójú ọ̀nà ní Yúróòpù, àti ní Bràsíìlì pẹ̀lú, ọkọ̀ agbépo máa ń gbé pátákó aláwọ̀ ọsàn tó ní nọ́mbà lókè àti nísàlẹ̀. Ti bẹntiróòlù ni 33 lókè, 1203 nísàlẹ̀. Mẹ́ta ni omi tó ń gbiná. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìwà náà le sí i nìyẹn. Bí lẹ́tà X bá ṣíwájú, omi kò gbọdọ̀ kàn án. Nọ́mbà ìsàlẹ̀ ni orúkọ àbísọ ẹrù náà kárí ayé: 1223 ni kẹrosíìnì, 1075 ni gáàsì ìdáná, 1402 ni kábáìdì, bó ti wù kí èdè ìlú jẹ́. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, panápaná tó bá rí 1203 láti òkèèrè yóò ṣí ìwé ìléwọ́ kan, ìwé náà yóò sì darí rẹ̀ sí ojú ewé ìlànà 128. Ibẹ̀ ni yóò ti kà á pé bí iná bá ti mú táńkì, kí ó lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn tó 800 mítà ní gbogbo ọ̀nà. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2018, nígbà tí ọkọ̀ agbépo kan gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó, ó lé ní 50 ọkọ̀ tó jóná pẹ̀lú rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni wọ́n wà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn.

Ìsọ̀rí kẹsàn-án ti wọ àpò gbogbo wa báyìí, nítorí ibẹ̀ ni bátìrì lithium wà. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2010, iná tó ṣẹ́ yọ láàárín irú ẹrù bẹ́ẹ̀ já ọkọ̀ òfúrufú akẹ́rù kan ti ilé iṣẹ́ UPS bọ́ ní Dubai, awakọ̀ méjèèjì sì kú. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 2016, òfin ti ní kí wọ́n má fi ọkọ̀ òfúrufú èrò kó bátìrì lithium-ion gẹ́gẹ́ bí ẹrù lásán mọ́. Irú ewu yìí náà ló fà á tí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ Èkó fi ń bi ẹni tó ń lọ sí London bóyá power bank wà nínú àpótí ńlá rẹ̀. Ọwọ́ ni kó mú un, kò sì gbọdọ̀ ju 100 Wh lọ láìgbàṣẹ, ìyẹn nǹkan bí 27,000 mAh. Bó bá gbiná lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ yóò rí i. Bó bá gbiná nínú ikùn ọkọ̀, ẹ rántí Everglades.

Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀rí keje, ti ìtànṣán olóró, parí ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1987, ní ìlú Goiânia ní Bràsíìlì, àwọn akíríirin kan wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ lọ tà. Wọ́n tú u palẹ̀. Ìyẹ̀fun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń tàn búlúù nínú òkùnkùn, ó sì lẹ́wà gan-an. Wọ́n pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, àwọn kan fi para. Caesium-137 ni. Èèyàn mẹ́rin kú, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà. Àwọn oníṣègùn yẹ èèyàn tó lé ní 110,000 wò ní pápá ìṣeré ìlú náà, wọ́n sì rí oró náà lára 249.

Àmì ìtànṣán olóró tí gbogbo ayé ń lò, abẹ́ mẹ́ta tó yí bọ́ọ̀lù kékeré kan ká, kò sọ nǹkankan fún ẹni tí wọn kò kọ́. Ní 2007, IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì, àti ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ìdíwọ̀n kalẹ̀, gbé àmì tuntun jáde láti fi kún un, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e fún àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè 11 wò. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́ sára ọkọ̀ tàbí páálí. Ara ẹ̀rọ gan-an ló wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i àfi ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Igun mẹ́ta pupa ni. Ìtànṣán ń bọ̀ láti òkè, agbárí òkú wà lápá kan ìsàlẹ̀, lápá kejì ni àwòrán ẹnì kan wà tó ń sá lọ, ọfà sì ń tọ́ka ọ̀nà fún un.